Ìrù Ọ̀rọ̀ Tí Abẹ́rẹ́ Jẹ Ẹlẹ́rìn-ín

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Abẹ́rẹ́ jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń fi aṣọ ibùsùn sẹ́nu ẹ̀rọ gbígbóná, kò sì sí àpá iná kan ṣoṣo lára ìka rẹ̀. Èmi tí mo ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, àpá tèmi kò lóǹkà. Ẹni tó bá bá iná ṣiṣẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí awọ ara rẹ̀ ṣì ń dán, ọgbọ́n kan wà tó ń dá. Ọgbọ́n tí àwọn obìnrin ń dá nídìí ẹ̀rọ wa, ìrù ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn la ti ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ ilé ló wà, fèrèsé rẹ̀ sì ga débi pé bàtà àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà nìkan là ń rí. Bí wọ́n bá ti fọ aṣọ wọ́ọ̀dù tán, tí wọ́n fún omi ara rẹ̀ dànù, wọ́n á tì í wá sídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá. Àgbá irin kan ni, ó gùn ju ibùsùn lọ, iná wà nínú rẹ̀, ó ń yí. Obìnrin méjì á dúró níwájú rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, oníkálukú á di igun aṣọ kan mú. Wọ́n á fi etí aṣọ sẹ́nu irin, wọ́n á sì jọ jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá yára, aṣọ á wọ́. Bí ọ̀kan bá pẹ́, ìka á bá aṣọ lọ.

Níbòmíràn, oókan, eéjì, ẹẹ́ta ni wọ́n ń kà. Ìyá kan tó jẹ́ olórí wọn nígbà kan, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ló kọ̀ ọ́ fún wọn. Ó ní ẹnu ènìyàn lè máa ka nǹkan lọ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń hanrun. Nígbà náà, kíláàsì àgbà ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ń lọ nírọ̀lẹ́, tíṣà wọn sì ń fi ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn jọra kọ́ wọn ní òyìnbó: "bread" pẹ̀lú "head", "late" pẹ̀lú "plate". Kí iṣẹ́ àmúrelé má bàa pa wọ́n, wọ́n gbé e wá sẹ́nu ẹ̀rọ. Ọ̀kan á pe ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ti na aṣọ. Ìkejì á fún un ní ìrù bí etí aṣọ bá ti kan irin. Ìrù yẹn ni wọ́n fi ń jọ̀wọ́. Ìrù ni wọ́n sọ ọ́, torí pé nínú èdè tiwa, ohùn ló ń sọ ọ̀rọ̀ di ọmọ ìyá. Ti òyìnbó, ìrù ló fi ń bá ara rẹ̀ tan.

Òfin eré náà kò le. Ẹni tó bá dáhùn ló ń pe ọ̀rọ̀ tó kàn. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, torí pé nínú aṣọ tí wọ́n ń lọ̀, òmíràn wà tó jẹ́ pé òkú ló sùn lé e kẹ́yìn; ìyá yẹn ní a kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré lẹ́nu iná. Bí ìrù bá sì sọnù mọ́ ẹnì kan lẹ́nu, á pariwo pé "Mo jẹ ẹ́!", wọ́n á fi ìyẹn jọ̀wọ́, á wá san án lówùúrọ̀ kí aṣọ àkọ́kọ́ tó wọlé.

Èmi, ojú epo àti iná ni mo fi ń wò ó. Aṣọ tó bá wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì la óò lọ̀ ọ́. Iná ẹ̀ẹ̀mejì la óò sun lórí nǹkan kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ Abẹ́rẹ́ àti Ẹlẹ́rìn-ín ló wà nídìí ẹ̀rọ, kì í sí èyí tó ń wọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín ni ìkejì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ mú. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò ṣì í sọ. Ẹlẹ́rìn-ín fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa borí ariwo ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é:

"Kettle!" ni Ẹlẹ́rìn-ín á pè.

"Metal! Ìwọ obìnrin yìí, èyí tó le ni kí o máa pè, má pe ti jẹ́lé-ó-sinmi fún mi. Chair!"

"Hair!"

"Èyí tí kò sí lórí ọkọ rẹ!"

"Orí ọkọ mi ló ń tanná fún wa nílé. Àwa kì í ra gílóòbù!"

Ọkọ Ẹlẹ́rìn-ín tí wọ́n ń bú yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó ti ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò rí nígbà èwe, orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ọn láti ìgbà náà. Gólì là ń pè é. Bí wọ́n bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wo ẹni tí wọ́n ń pè.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn. Aṣọ ìkẹyìn ni wọ́n nà. Mo wà níbẹ̀, mo ń fi àkísà nu ọwọ́. Ẹlẹ́rìn-ín wò sókè, ó wò sílẹ̀, ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí irin pẹlẹbẹ kan tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kàn mọ́ ọn lórí. FEED SLOWLY ló wà lára rẹ̀, pé kí a máa fi aṣọ sí i jẹ́jẹ́. A ti wò ó títí, kò sí ẹni tó tún ń rí i.

"Slowly!" ni Ẹlẹ́rìn-ín pè.

Abẹ́rẹ́ la ẹnu. Etí aṣọ kan irin.

"Mo jẹ ẹ́!"

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín débi pé ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri. "Abẹ́rẹ́ kán! Ẹ wá wò ó o, abẹ́rẹ́ kán lónìí!"

"Panu mọ́. Ayé kò parẹ́ lónìí, ilẹ̀ á mọ́."

"Wá san án kí wọ́n tó tanná o. Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni? Ojoojúmọ́ lo ń pè é!"

Ilẹ̀ mọ́, Ẹlẹ́rìn-ín kò wá. Ó jókòó sétí ibùsùn láti wọ bàtà wá síbi iṣẹ́. Ó wọ ẹsẹ̀ kan. Kò wọ ìkejì.

A sin ín. Wọ́ọ̀dù kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kú nísàlẹ̀ ilé. Aṣọ ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú obìnrin kan láti ibi ìfọṣọ wá dí àyè Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá Olómi là ń pè é, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ènìyàn jà. Kò tíì pẹ́ tó débẹ̀ tó fi tọ̀ mí wá nídìí bọ́ílà.

"Bàbá Ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ẹ̀rọ yín wò."

"Kí ló ṣe é?"

"Bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu pe ọ̀rọ̀, ó dà bíi pé wọ́n ti pè é."

"Ta ló pè é?"

"Ẹ má bi mí. Èmi ò rí ẹnì kankan. Abẹ́rẹ́ ló ń rí nǹkan. Èmi kọ́ ló ń wò, èjìká mi ló ń wò, bíi pé ẹlòmíràn dúró síbẹ̀."

Òótọ́ ni ìṣòro wà. Etí aṣọ á kan irin, Abẹ́rẹ́ kò ní jọ̀wọ́. Á dúró bí ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀. Aṣọ ń wọ́, òmíràn ń jóná létí, a ń tún iṣẹ́ ṣe lórí iṣẹ́. Ọ̀gá wa, ọ̀dọ́bìnrin tí iṣẹ́ yé, pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ̀rọ ló ń ṣe wá báyìí, àbí ènìyàn?"

"Ẹ jẹ́ kí n tú u wò ná."

"Ẹ tú u. Bó bá jẹ́ ènìyàn, tí ọ̀sẹ̀ yìí bá fi parí tí kò yàtọ̀, màá gbé Àǹtí Abẹ́rẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣa aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Mi ò lè máa wo ìka àgbàlagbà kó máa sún mọ́ iná."

Ibi aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn, ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Kí wọ́n gbé Abẹ́rẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí olórí ẹbí lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká. Ní àkókò ìsinmi, gbogbo obìnrin ilé ìfọṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá ìrù, kí ó lè san gbèsè náà kí ọkàn rẹ̀ sinmi.

"Trolley!" Èyí tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ló kígbe. "Mo ti rí i! Òun ni mò ń tì láti àárọ̀, mi ò mọ̀!"

Abẹ́rẹ́ mi orí. "Slowly ń ká ẹnu jọ bí ẹni tó ń fẹ́ iná. Tọ́rọ́lì ń la ẹnu bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá."

"Sorry ńkọ́?"

"Ṣé ìrù nìyẹn, àbí ìyẹ́?"

"Lowly! Ó wà nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì wa."

"Ibi tí o ti rí i náà ló bà á jẹ́."

Èmi náà ronú. Mo ní, "Holy."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. "Bàbá Ẹ̀rọ! Lẹ́nu iná?" Mo gbé àpótí iṣẹ́ mi, mo bá tèmi lọ.

Àmọ́ mo ti rí nǹkan kan. Bí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ kan wá tí kò bá a mu, ojú Abẹ́rẹ́ a máa tú ká. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù kì í yọ̀ pé òun kò rí i.

Lọ́jọ́ ìsinmi, tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, mo lọ tú ẹ̀rọ. Oòrùn ti là, ìmọ́lẹ̀ ń ti fèrèsé òkè wọlé. Mo yẹ bẹ́líìtì wò, mo yẹ bọ́ọ̀lù-bíárìn wò, mo yẹ aṣọ nínípọn tó bo àgbá wò. Kò sí èyí tó bàjẹ́. Mo tò ó padà, mo tan án lófìfo. Ó yí. Mo gbọ́ ọ: ó fà á, ó wá gé e. Sùlóóó. Lì. Mo fi gíríìsì sí i. Sùlóóó. Lì. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn rí, mo sì mọ ikọ́ rẹ̀, mo mọ ìmí rẹ̀. Mo pa á. Ó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ bí irin wúwo ṣe máa ń ṣe, ó dúró.

Nígbà tí ó dúró tán ni mo gbójú sókè wo fèrèsé. Bàtà kan wà níbẹ̀. Bàtà obìnrin, ó dojú kọ gíláàsì, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Mo ní onítọ̀hún gbé ìkejì lé nǹkan kó lè so okùn rẹ̀ ni. Mo dúró kó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kò gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mú sípánà tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, nígbà tí n óò fi gbórí sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo sọ fún Ọ̀gá pé ẹ̀rọ dára. N kò sọ ti bàtà. Ọ̀rọ̀ tí n kò bá lè fi sípánà dì, n kì í tú u síta.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀gá dá fẹ́ parí, Gólì wá kó ẹrù ìyàwó rẹ̀: épírọ́ọ̀nù kan, sílípáàsì tí Ẹlẹ́rìn-ín ń wọ̀ nínú omi, ife. Ó ti rù, ẹ̀wù rẹ̀ sì ń fẹ́ lára rẹ̀. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ohùn sókè kó lè gbọ́ mi láàrin ariwo.

"Gólì! Ẹ káàbọ̀ o!"

Abẹ́rẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú Ìyá Olómi. Etí aṣọ ti kan irin. Mo rí i tó gan. Aṣọ ń lọ, ó di igun rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ ń bá a lọ sẹ́nu iná, ojú rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ìyá Olómi ké. N kò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló kan irin pupa tí a fi ń dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀rọ náà hó, ó dúró. Irun ọwọ́ Abẹ́rẹ́ ti jó, òórùn rẹ̀ gba àyíká. Ìka kò tíì kàn án.

Ọ̀gá sáré jáde. "Ó tó, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ kò kúrò. Gólì ti sún mọ́ wa, ó di épírọ́ọ̀nù mọ́ àyà. Ó wo irin pẹlẹbẹ tó wà lórí ẹ̀rọ, ètè rẹ̀ ń mì bí ó ṣe ń kà á.

"Ṣé ọ̀rọ̀ tó pè kẹ́yìn nìyí?"

"Òun ni," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Gólì tún un kà. Mo rí i tó yé e, kíá ni ó sì yé èmi náà, mo fẹ́ gbá ara mi létí. Òyìnbó la ń wá kiri, ẹni tí a ń wá ń jáde wọlé láàrin wa. A ti pe orúkọ náà pẹ́ débi pé a gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ni.

"Ìrù!" ni Gólì wí. "Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olórí ilé, ìrù ni obìnrin yìí fi mí ṣe!" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára dákẹ́. Gólì yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Kò yé ọ títí di òní?"

"Ó ti yé mi láti ọjọ́ ìsìnkú. Gbogbo ènìyàn ń kí yín. Gólì, ẹ kú ìrójú. Gólì, ẹ mọ́kàn le. Ibẹ̀ ni ìrù náà ti ta sí mi létí."

"Kí ló dé tí o ò san án?"

Abẹ́rẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ohùn rẹ̀ tó ń gún ènìyàn tẹ́lẹ̀ ti kú. "Bí mo bá san án, kí ló tún máa wá ṣe níbí? Láràárọ̀ ló ń pè é fún mi. Ó ń dúró kí n dáhùn. Bí mo bá dáhùn, ó parí nìyẹn."

Gólì gbé ẹrù náà lé orí kẹ̀kẹ́ aṣọ, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Ìwọ lo dì í mú, èmi ló ń bá gbé. Láràárọ̀, bí ilẹ̀ bá ṣe ń là, mo ń gbọ́ tí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ń dún. Màá gbọ́ bàtà kan: kó. Màá wá dúró de ìkejì. Kì í dún. Mo rò pé èmi ni mi ò sunkún tó. Abẹ́rẹ́, obìnrin yẹn kò lè máa fi ẹsẹ̀ kan wọ bàtà títí ayé. Jẹ́ kó wọ ìkejì."

Mo rántí fèrèsé.

Ọ̀gá wo ojú mi. Mo ní, "Iná ṣì wà lára irin. Aṣọ kan péré, màá fi ọwọ́ mi sórí irin pupa." Ó mi orí pé ó dáa.

Ìyá Olómi di igun tirẹ̀ mú, ó sì pa ẹnu dé, torí ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tún un pè. Mo tan ẹ̀rọ. Wọ́n na aṣọ. Abẹ́rẹ́ wo òkè èjìká Ìyá Olómi, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wò ó bí a ṣe ń wo ojú ènìyàn tí ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ gbéra. Etí aṣọ kan irin.

"Gólì!"

Wọ́n jọ̀wọ́. Aṣọ náà wọlé láìsí wíwọ́ kankan, ó jáde lódìkejì bí ojú omi tí afẹ́fẹ́ kò kàn. Ẹ̀rọ ń dún bí ẹ̀rọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Olómi ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Aṣọ yẹn fúyẹ́," ni ó wí. "Bíi pé ènìyàn mẹ́ta la dì í mú."

A kò dá a lóhùn. Ẹni tó bá dáhùn ló ń pe ọ̀rọ̀ tó kàn. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wa ń wò. Ó na ọwọ́ mú aṣọ mìíràn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Ìyá Olómi wá, ó wo ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ gan-an.

"Water!"

"Daughter!" Ìyá Olómi jọ̀wọ́ lásìkò, ẹnu sì ya òun fúnra rẹ̀. "Ha! Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?"

"Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo fi bẹ̀rẹ̀ fún ọ. Má tíì máa yọ̀."

Ọ̀gá padà sínú ọ́fíìsì rẹ̀. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ ibi aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, mo pàdé Gólì lójú ọ̀nà, ó gbé búrẹ́dì lọ́wọ́. Mo bi í bóyá ó ṣì ń gbọ́ ọ. Ó ní lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun dùbúlẹ̀, òun gbọ́ kó. Òun di èémí mú. Kó. Ó sì dà bíi pé ẹnì kan dìde lórí ibùsùn, torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gbéra sókè. Láti ìgbà náà, kò sí nǹkan kan mọ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni mo wí.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ilé kàn wá dákẹ́ jù ni, Bàbá Ẹ̀rọ."

Abẹ́rẹ́ ṣì wà nídìí ẹ̀rọ. Ìka rẹ̀ pé, awọ rẹ̀ ń dán. Mo ní kí n bá a yọ irin pẹlẹbẹ yẹn kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní tí mo bá fọwọ́ kàn án, òun á fi mí sẹ́nu ẹ̀rọ bí aṣọ. Láràárọ̀, bí iná bá ti mú irin gbóná, òun nìkan á kọ́kọ́ di igun aṣọ kan mú, á dojú kọ òdìkejì níbi tí kò sí ẹnì kankan, á dúró. Kò sí ẹni tó ń pè é. Lẹ́yìn náà ni á wá juwọ́ sí Ìyá Olómi pé kó máa bọ̀.

Iná tó ń jó lófo lásìkò náà, n kì í ṣírò rẹ̀. Fèrèsé lèmi máa ń wò. Bàtà ń kọjá, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń lọ, méjì-méjì.